Iná Méjì Kò Gbọdọ̀ Pàdé Nínú Ilé Kan: Bí A Ṣe Ń So Jẹnẹrétọ̀ Mọ́ Wáyà Ilé

Ìyá àgbà kan ní Òde Rẹ́mọ ló ránṣẹ́ pè mí pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná òun ń rùn bí ẹja jíjó, bẹ́ẹ̀ òun kò yan ẹja. Kí n tó dé ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ni mo ti rí wáyà kan tí wọ́n fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì: púlọ́ọ̀gì lórí rẹ̀ kan, púlọ́ọ̀gì lórí kejì. Mo tú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ike ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là. Rọ́bà tó bo wáyà pupa ti gan, ó ń ṣí sí mi lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀pà títí wọ inú ògiri.

Mo béèrè bí wọ́n ṣe ń lò ó. Màmá ní, "Kò le rárá, ọmọ mi. Bí NEPA bá ti mú iná lọ, a ó ki orí kan bọ jẹnẹrétọ̀, a ó ki orí kejì bọ ògiri, gbogbo ilé á tàn." Mo ní, "Iná òde ńkọ́, Mà?" Wọ́n ní, "A máa ń kọ́kọ́ yọ fíúùsì. Àfi ọjọ́ tí a bá gbàgbé."

Nítorí ọjọ́ tí a bá gbàgbé yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ iná, mo sì ti rí wáyà olórí méjì yìí láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ṣágámù, nílé olówó àti nílé mẹ̀kúnnù. (NEPA tí màmá wí, ó ti di PHCN láti 2005, IBEDC ló sì ń pín iná fún wa láti 2013, àmọ́ ẹnu wa kò kúrò lórí NEPA, èmi náà yóò sì máa pè é bẹ́ẹ̀.) Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ewu tó wà nínú wáyà náà, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní rí ìdí tí òun fi máa ná owó sí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣe pé kí iná máa wà. Irin púlọ́ọ̀gì tó yọ síta kò gbọdọ̀ ní iná lára nígbà tó bá wà lọ́wọ́ èèyàn. Wáyà olórí méjì yí èyí po pátápátá. Bí ẹ bá ti ki orí kan bọ jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, 230 fóltì ti wà lára irin tó ṣí sílẹ̀ ní ọwọ́ yín kejì. Ẹni tó bá gbá a mú lè má lè jù ú sílẹ̀, torí iná a máa mú kí iṣan ọwọ́ di pọ̀.

Ewu kejì wà fún ẹni tí ẹ kò rí. Jẹnẹrétọ̀ kò mọ̀ pé ilé yín nìkan lẹ ní kó tàn sí. Bí fíúùsì òde bá wà níbẹ̀, iná rẹ̀ á gba wáyà òpó lọ sí ìdí tàrańsífọ́mà. Tàrańsífọ́mà àdúgbò a máa gba 11,000 fóltì, níbòmíràn 33,000, á sì sọ ọ́ kalẹ̀ sí 415 fún féèsì mẹ́ta, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 230 tàbí 240 fún féèsì kan. Bí iná bá gba ẹ̀yìn wọ̀ ọ́, iṣẹ́ kan náà ló máa ṣe ní ìyípadà: 230 yín á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì lórí wáyà òkè. Àwọn kan máa ń bá mi jiyàn pé jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé àdúgbò, pé á kú fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni, bí gbogbo àdúgbò bá ṣì so mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ìjì bá jà, tí igi wó lu òpó, tí wáyà já ní tòsí ilé yín, kò sí ẹrù lórí rẹ̀ mọ́. Jẹnẹrétọ̀ á máa lu lọ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ń wà lórí òpó, tó fọkàn balẹ̀ pé wọ́n ti pa iná.

Ẹ̀kẹta, NEPA lè mú iná dé nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Iná àwọn méjèèjì ń lọ, ń bọ̀ ní ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn kò bára mu. Ẹ ti rí ẹni méjì tó ń gún iyán nínú odó kan: bí ọmọ odó wọn kò bá gba ara wọn láyè, ọ̀kan á kán. Ti jẹnẹrétọ̀ ló máa ń kán. Wáyà inú rẹ̀ á jóná, epo bẹntiróò sì wà lórí rẹ̀ ní tááńkì.

Nítorí náà, ohun tí a ń wá ni ètò tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iná, nínú òkùnkùn, pẹ̀lú oorun lójú, ni kí ẹ ṣe é fún. Ohun èlò tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni ṣéńjíófà. Ọwọ́ rẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ni. Bí ó bá wà lọ́dọ̀ NEPA, kò lè sí lọ́dọ̀ jẹnẹrétọ̀. Bó bá sì wà lọ́dọ̀ jẹnẹrétọ̀, ọ̀nà òpó ti dí. Irin ló ń ṣe ìrántí fún yín.

Ọ̀rọ̀ kan kí n tó tẹ̀síwájú. Mo ń kọ èyí kí onílé lè mọ ohun tó yẹ kó rà, kó mọ ohun tó yẹ kó bi oníṣẹ́, kó sì lè wo iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán. Kì í ṣe kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tú ibi tí iná ti ń wọlé. Àjọ ìjọba tí a ń pè ní NEMSA ló ń fún oníṣẹ́ iná níwèé ẹ̀rí. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fún yín, ẹ má tijú. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já èdìdì mítà. Ilé iṣẹ́ iná ni kí ẹ sọ fún kí wọ́n wá pa á láti orí òpó.

Ẹ kọ́kọ́ ka ẹrù

Ẹ mú bíírò àti ìwé, kí ẹ lọ láti yàrá dé yàrá. Ẹ̀yìn ohun èlò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ wáàtì rẹ̀ sí. Ẹ wo ilé kan tó ní gílóòbù LED mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 10, ìyẹn 80, fáànù mẹ́ta, wáàtì 70 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 210, tẹlifíṣọ̀n 100, fìríìjì 150. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 540. Onílé lè rò pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I pass my neighbour, tí agbára rẹ̀ kò ju bíi wáàtì 650 lọ, ti tó òun. Kò tó. Ohunkóhun tó bá ní mọ́tò nínú, bó bá ń gbéra, á fa ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Fìríìjì wáàtì 150 yẹn lè béèrè 500 nígbà tó bá ń gbéra. Ẹ fi ìyẹn kún ohun tó ti wà nílẹ̀, ẹ ó rí i pé jẹnẹrétọ̀ kékeré á mí hẹlẹ, gílóòbù á rẹ̀wẹ̀sì, mọ́tò fìríìjì á sì máa gbóná láìlè yí. Báyìí ni ọ̀pọ̀ fìríìjì ṣe ń kú, tí a ń sọ pé NEPA ló pa á.

Sumo tó ń fa omi kànga ló le jù nílé wa. Sumo oní hp kan a máa fa wáàtì 1,000 ó lé díẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ìgbéra rẹ̀ sì lè tó ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa fi jẹnẹrétọ̀ fa omi, kó má wo ohun tó kéré sí 5 kVA (bí wọ́n ṣe ń kọ agbára jẹnẹrétọ̀ nìyẹn), kó sì pa gbogbo ohun tó kù nígbà tí sumo bá fẹ́ gbéra. Áyọ́ọ̀nù ń jẹ wáàtì 1,000 sókè. Kẹ́tù lè jẹ 2,000.

Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára jẹnẹrétọ̀. Èyí tó tóbi ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sára páálí, agbára tó lè ní fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nìyẹn. Èyí tó kéré ni agbára tó lè fi ṣiṣẹ́ pẹ́, òun sì ni kí ẹ lò. Tí wọ́n bá ní 2.5 kVA, ẹ fi ọkàn sí wáàtì 2,000, kí ẹ má sì gbé ju 1,600 lé e lórí fún ìgbà pípẹ́. Bí tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Iná tiwọn ń lọ, ń bọ̀ ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá, 120 fóltì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì máa ń gbé jáde. Èyí tó ní 240 nínú wọn, wáyà méjèèjì ló ní iná, kì í ṣe ọ̀kan. Kò bá ilé wa mu bó ṣe wà yẹn.

Ibi tí jẹnẹrétọ̀ máa gbé

Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀, nítorí èéfín ń pa èèyàn láìlu ìlù.

Afẹ́fẹ́ kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òórùn bẹntiróò tí ẹ ń gbọ́ yẹn kọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn a máa dì mọ́ ọn ju bó ṣe ń dì mọ́ ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó ju 200, nítorí náà díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti gba àyè ọ́síjìn lára. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ èèyàn, òòyì á kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, oorun á sì kùn ún. Oorun yẹn ni ìṣòro, torí ẹni tó ti sùn lọ kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun dìde.

Olè ló ń mú kí àwọn èèyàn wa gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì bú ẹnikẹ́ni. Ilé wa àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ló wà láàárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ṣe é sí ẹ̀yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n gbà pé atẹ́gùn á gbé èéfín lọ. Atẹ́gùn ló ń gbé e wọ yàrá. Fèrèsé ṣíṣí kò tó, ilẹ̀kùn ṣíṣí kò tó, abẹ́ àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì burú jù gbogbo rẹ̀ lọ.

Ohun tí mo máa ń sọ fún onílé ni pé kó pe wẹ́dà kó jó àgò irin fún un, irin tó nípọn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú kọnkéré. Kí àgò náà jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní mítà mẹ́fà ó kéré tán. Bí ẹ bá gbé ìgbésẹ̀ ńlá mẹ́jọ, ẹ ti débẹ̀. Páànù ni kí ẹ fi bo orí rẹ̀ nítorí òjò, kí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ẹ gbé ìdí rẹ̀ sókè kúrò nílẹ̀, torí òjò ilẹ̀ wa kì í ṣe òjò kékeré. Sàlẹ́ńsà kó kọjú sí gbangba, kó má kọjú sí fèrèsé yín, kó má sì kọjú sí fèrèsé aládùúgbò. Bí ilẹ̀ yín kò bá tó mítà mẹ́fà, mi ò ní ọgbọ́n kan tí mo lè dá sí i. Inverter, ẹ̀rọ tó ń fa iná láti inú bátìrì, ló máa yẹ yín, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀.

Rírà ṣéńjíófà àti wáyà

Ṣéńjíófà tí ilé oníféèsì kan nílò ni èyí tó ní ipò mẹ́ta: I fún NEPA, 0 láàárín, II fún jẹnẹrétọ̀. Ẹ rí i dájú pé ipò 0 wà níbẹ̀. Kó sì máa gé láìfù (wáyà tó ń gbé iná wá) àti nútírà (wáyà tí iná ń gbà padà) papọ̀. Ojú ìdè mẹ́fà (ibi tí wọ́n ń de wáyà mọ́) lẹ ó rí níbẹ̀: méjì fún NEPA, méjì fún jẹnẹrétọ̀, méjì fún ilé. Oníṣẹ́ tó bá sọ fún yín pé láìfù nìkan ti tó, pé kí nútírà méjèèjì wà papọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì wá ẹlòmíràn. Nútírà tí kò gé jẹ́ ọ̀nà sí òpó. Ọ̀pọ̀ mítà káàdì ló sì ń ṣọ́ iná tó lọ lórí láìfù àti èyí tó padà lórí nútírà. Bí nútírà ilé bá dàpọ̀ mọ́ ti ibòmíràn, mítà lè ka á sí olè, kó sì tì pa.

Ìwọ̀n ṣéńjíófà, ẹ má wo jẹnẹrétọ̀ láti yàn án. Ẹ wo iná NEPA, torí òun ló ń gbé ẹrù tó pọ̀ jù. Áńpíà 63 ló bá ọ̀pọ̀ ilé mu. Ilé tó ní AC púpọ̀, kó lọ sí 100.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ojúlówó lọ́jà, ẹ mú òòfà kékeré dání, kódà èyí tí ẹ yọ lára sípíkà àlòkù. Ẹ fi kan àwọn irin tí iná ń gbà kọjá nínú ṣéńjíófà. Òòfà kì í fa bàbà, kì í fa idẹ. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin lásán tí wọ́n kùn ni, á gbóná, á sì jóná. Wáyà náà ní àyẹ̀wò tirẹ̀: ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú irin rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ́mù ni wọ́n fi bàbà bò. Ẹ wo àmì SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, lára páálí pẹ̀lú, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí àmì gba ipò ọ̀bẹ àti òòfà.

Láti jẹnẹrétọ̀ sí ilé, wáyà rírọ̀ oníkókó mẹ́ta ni kí ẹ rà: láìfù, nútírà, áàtì (èyí tó ń lọ sínú ilẹ̀). Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA ń gbé bí áńpíà 11 jáde, wáyà 2.5 mm² tó o bí kò bá jìnnà ju mítà 20 lọ. 5 kVA ń gbé bí áńpíà 22, ẹ ra wáyà 4 mm². Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ẹ gun ìwọ̀n kan sókè sí i. Bí yóò bá gba abẹ́ ilẹ̀, ẹ ki wáyà náà bọ inú páìpù tó nípọn, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ọkọ́ má baà bá a.

Ìsopọ̀ fúnra rẹ̀

Ọ̀nà tí iná ń gbà rí báyìí. Láti òpó, iná á wọ fíúùsì òde, á wọ mítà, á wá sí ẹ̀gbẹ́ I lára ṣéńjíófà. Láti jẹnẹrétọ̀, á gba bíréékà tirẹ̀, á wá sí ẹ̀gbẹ́ II. Ojú kẹta, tó jẹ́ ti ilé, á lọ sí bọ́ọ̀dù tí bíréékà yàrá kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ̀yìn mítà ni ṣéńjíófà gbọ́dọ̀ wà. Mo ti rí ibi tí wọ́n gbé e síwájú mítà, tí káàdì ń jẹ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́. Onílé náà ra bẹntiróò tán, ó tún ń ra yúnítì láti lo iná tó fúnra rẹ̀ pèsè.

Bíréékà ti jẹnẹrétọ̀ ṣe pàtàkì. Áńpíà 10 fún 2.5 kVA, 20 fún 5 kVA. Bí ẹnìkan bá gbé ẹrù ju agbára rẹ̀ lọ, bíréékà ló máa já, kì í ṣe wáyà inú jẹnẹrétọ̀.

Ibi tí wáyà jẹnẹrétọ̀ ti ń wọ ilé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ojú ìgbàná aláwọ̀ búlúù sí ara ògiri, èyí tó rí roboto, tó ní ìdérí, tí wọ́n ń lò ní ilé iṣẹ́. Ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ni pé: ẹni tó ń mú iná wá ni kó ní ihò, ẹni tó ń gba iná ni kó ní irin. Jẹnẹrétọ̀ ń mú iná wá, ihò ló wà lára rẹ̀. Orí wáyà tó bá dé ògiri ń mú iná wá, ihò ni kó ní. Ti ara ògiri ń gba iná, irin rẹ̀ á wà nínú ìdérí. Bí ẹ bá pa òfin yìí mọ́, kò sí ìgbà tí irin tó ní iná á ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wá mú òfin yìí kan wáyà olórí méjì wò, ẹ ó rí ibi tó ti ṣẹ̀.

Áàtì ni ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwa oníṣẹ́ ti ń kù díẹ̀ káàtó. Ilé gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá áàtì tirẹ̀, wọ́n á gbá a wọ ilẹ̀ tó tutù. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi ilé ìwẹ̀ ń gbà dára, torí ní ọyẹ́ ilẹ̀ á gbẹ, áàtì á sì di aláìlágbára. Àwọn kan ń da iyọ̀ sí i. Iyọ̀ ń jẹ ọ̀pá náà.

Áàtì ara jẹnẹrétọ̀ náà á so mọ́ ọ̀pá yìí. Ibi tó díjú ni nútírà. Ti NEPA ti wọlẹ̀ ní ìdí tàrańsífọ́mà. Nínú ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré, nútírà kò so mọ́ ohunkóhun, ó léfòó lásán. Bí ilé yín bá ní bíréékà tó ń já nígbà tí iná bá ń gbé èèyàn, èyí tó ń ṣọ́ míllíáńpíà 30, kò ní já lórí jẹnẹrétọ̀ tí nútírà rẹ̀ léfòó, torí iná kò rí ọ̀nà padà láti ilẹ̀. Ẹ bi oníṣẹ́ yín pé: "Níbo lo ti so nútírà jẹnẹrétọ̀ mọ́ áàtì?" Ìdáhùn tó tọ́ ni pé ibi kan ṣoṣo ni, ní ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ kó tó dé ṣéńjíófà. Bí ó bá ní inú bọ́ọ̀dù ilé ni òun so ó sí, kó lọ tú u, nítorí ìyẹn á wà níbẹ̀ nígbà tí NEPA bá dé pẹ̀lú. Bí kò bá mọ ohun tí ẹ ń bi í, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ilé tó ní féèsì mẹ́ta ń lo ṣéńjíófà tó ń gé wáyà mẹ́rin. Oníṣẹ́ lè pín láìfù kan ti jẹnẹrétọ̀ sí féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ẹ̀rọ ìlọta oníféèsì mẹ́ta kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láéláé.

Kí oníṣẹ́ tó gba owó ìkẹyìn, kó dán an wò lójú yín. Kó yí i sí 0: kò gbọdọ̀ sí iná kankan nínú ilé, yálà NEPA wà tàbí jẹnẹrétọ̀ ń lu. Kó yí i sí II nígbà tí NEPA kò sí, kó wá fi ẹ̀rọ ìwọ̀nná wo ojú I: òfo ni kó bá lórí láìfù, òfo lórí nútírà. Àyẹ̀wò yìí ló ń sọ pé ẹni tó wà lórí òpó yóò sọ̀kalẹ̀ láàyè. Kó wo fóltì pẹ̀lú, kó wà ní àyíká 230. Kó tẹ bọ́tìnnì àyẹ̀wò lára bíréékà áàtì (èyí tó ń ṣọ́ míllíáńpíà 30), kó já.

Lílò rẹ̀ lójoojúmọ́

Bí iná bá lọ: ẹ pa gbogbo bíréékà, pàápàá ti AC, sumo àti áyọ́ọ̀nù. Ẹ yí ṣéńjíófà sí 0. Ẹ lọ tan jẹnẹrétọ̀ níta, ẹ jẹ́ kó lu fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta kí ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ padà wọlé, ẹ yí i sí II, ẹ wá máa gbé bíréékà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, fìríìjì kọ́kọ́, kó lè gbéra nígbà tí ẹrù kò tíì pọ̀.

Kí ẹ lè mọ ìgbà tí NEPA dé, ẹ ní kí oníṣẹ́ so gílóòbù kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ I kó tó dé ṣéńjíófà. Bó bá tàn, ẹ má sáré. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, torí iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a máa ga tàbí kó tún lọ. Ẹ pa ohun ńlá, ẹ yí i sí 0, ẹ kà dé mẹ́wàá, ẹ yí i sí I. Ẹ má ti II fò sí I lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí mọ́tò ń yí. Jẹnẹrétọ̀ á ṣì lu ìṣẹ́jú méjì láìsí ẹrù kí ẹ tó pa á.

Bí bẹntiróò bá tán, ẹ pa á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 kí sàlẹ́ńsà tutù kí ẹ tó rọ òmíràn. Iná fóònù ni kí ẹ fi ríran, kì í ṣe fìtílà, kì í ṣe àbẹ́là. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 29, 2023 ni mo ti ń rí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò nínú yàrá, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pàápàá, nítorí ẹni tó bá rí i rà ní owó tó dínwó ń fẹ́ kó o pa mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kó wà níta, nínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí gidi, jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti sí ilé.

Ẹ kọ gbogbo ìlànà yìí sínú ìwé pẹlẹbẹ kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ṣéńjíófà, ní Yorùbá, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Àsìkò Ojúde Ọba, tó bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, ni ẹ ó mọ ìwúlò rẹ̀. Àwọn ọmọ ti Èkó dé, ti Abùjá dé, ilé kún fọ́fọ́, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ òfin ilé. Ẹnìkan á kàn ki áyọ́ọ̀nù bọ ògiri láti lọ aṣọ regbéregbé (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí), ẹlòmíràn á gbé omi gbígbóná kaná. Bíréékà á já, wọ́n á ka ìwé, kò sí nǹkan tó máa jóná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé oníyàrá púpọ̀ tí kò jẹ́ ti yín, tí onílé kò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan wáyà, ẹ má ṣe ìsopọ̀ rárá. Ẹ ra wáyà ẹ̀ńténṣọ̀n tó nípọn, ẹ ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ jẹnẹrétọ̀ níta, ẹ gbé ihò rẹ̀ wọ yàrá, ẹ ki fáànù àti gílóòbù bọ ọ́. Kò kan wáyà ilé, nítorí náà kò lè kan òpó. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ pe oníṣẹ́ padà kó pa gbogbo iná, kó tún fún ìdè ṣéńjíófà le, torí wáyà tuntun a máa rọ̀ lábẹ́ ìdè bó bá ti gbóná, tó tutù ní ìgbà díẹ̀. Ti màmá Òde Rẹ́mọ, oṣù kan géérégé lẹ́yìn tí mo fi ṣéńjíófà sílé wọn ni mo padà. Ìdè méjì ti dẹ̀, mo fún wọn. Màmá fúnra wọn ló wá yí i sí 0 kí n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kà dé mẹ́wàá sókè. Wáyà olórí méjì náà ṣì wà lórí ìṣó. Mo gba àyè lọ́wọ́ wọn, mo gé e sí méjì pẹ̀lú páláyà, mo sì mú orí kan lọ sílé.